Ẹ Kà Á Tán, Kò Wọlé: Ṣé Orí Ni, Àbí Ẹrù?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sílùú òyìnbó, tí wọ́n wá ń kọ́ Yorùbá lágbà. Wọ́n á ní àwọn ka ojú ìwé kan tán, àwọn ò sì lè sọ nǹkan kan tó wà níbẹ̀. Wọ́n á ní àwọn wo fíìmù wákàtí méjì, àwọn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí àwọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí gbólóhùn Yorùbá kan tó kù sí àwọn létí. Wọ́n á wá mí kanlẹ̀, wọ́n á ní: "Orí mi ò gba Yorùbá ni."

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹrù ni wọ́n dì jù, kì í ṣe orí ló bàjẹ́. Mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ lónìí, torí pé kí ìwé má wọlé kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín àwa Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n torí ẹ̀ máa dá orí ẹni lẹ́bi. Ó ní ìtàn, apá kan ìtàn náà sì wà nítòsí Peckham Rye níbí.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, èyí tó ń lọ sí Clapham Junction. Ibùdókọ̀ kan péré, ẹ ti dé Denmark Hill. Ilé ìwòsàn Maudsley ló wà níbẹ̀ yẹn. Láti 1923 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ará ìlú tí àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ ń bá jà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó so mọ́ ọn, Institute of Psychiatry, ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti kọ́ nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ kó tó padà sílé, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Aro ní 1954.

Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1950 parí nígbà tí dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, wá ṣiṣẹ́ ní Aro. Ó rí i pé ẹ̀sùn kan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá. Wọ́n jókòó ti ìwé, ojú wọn ń wo ọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò nítumọ̀. Ohun tí wọ́n kà lánàá ti lọ. Ojú ń ṣe bàìbàì, omi ń jáde lójú. Orí àti ọrùn ń gbóná, tàbí kó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí. Ó ń rẹ̀ wọ́n ṣáá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sinmi. Ní 1960, Prince gbé e jáde nínú ìwé àwọn dókítà, ó pè é ní brain fag, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń sọ pé ọpọlọ àwọn ló ti rẹ̀. Àárẹ̀ ni fag túmọ̀ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹ má lọ sọ ọ́ ní Rye Lane lónìí o, sìgá ni wọ́n á rò pé ẹ ń wá.

Ẹ rántí ìgbà tá à ń sọ. 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé di ọ̀nà àtilà. Ọmọ kan lè wà nílé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ pé owó kòkó bàbá, owó àjọ ìyá àti owó ẹ̀gbọ́n ló gbé e débẹ̀, tí àwọn àbúrò mẹ́fà sì ń wojú ẹ̀ pé tó bá yege, òun ni yóò rán àwọn náà. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú ìwé ìdánwò, kí ẹ ní kó pọkàn pọ̀! Prince rí èyí, ó sì kọ ọ́. Àmọ́ ó tún fi kún un pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn òyìnbó, kí ènìyàn dá nìkan jókòó ti ìwé, kò bá bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà mu. Ibẹ̀ ni mo ti kúrò lẹ́yìn ẹ̀.

Torí ẹ wo ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbéni lọ. Nígbà tó di 1994, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, DSM-IV, ti kọ brain fag sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹni pé ẹ̀yà kan wà tí ìwé máa ń dà láàmú, tí àwọn yòókù ń kà á bí ẹní mu omi.

Ní 2015 ni Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n tọpa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ibo ni wọ́n bá a? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Àwọn òyìnbó tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń ní brain fag. Ẹ̀rù àkàjù ìwé ń bà wọ́n débi pé ní 1884, dókítà James Crichton-Browne kọ ìròyìn fún ìjọba lórí bóyá iṣẹ́ ilé ìwé ti ń pa àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lára; ẹ̀fọ́rí àti àìróorunsùn wà lára ohun tó ní òun rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso.

Bí aṣọ òkìrìkà ló rí. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀n títí ó fi sú wọn, wọ́n kó o lọ sí Èkó, ẹnìkan wá kó o padà dé, ó ní aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá ni.

Nígbà tí DSM-5 jáde ní 2013, brain fag ò ní ààyè tirẹ̀ nínú àkójọ yẹn mọ́. Àwọn dókítà tiwa náà ò sì dákẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákinyọ̀ ti ń tọ́ka sí nǹkan tí ojú lè rí: àníyàn, àìsùn tó, àti oògùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà gbé e. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò sùn, tó sì ti mu nǹkan tó ń jẹ́ kí àyà máa já, kò sí ibi tí wọ́n ti bí i tí ìwé á fi wọlé fún un.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn gígùn yìí ni pé mo ń gbọ́ ohùn kan náà lẹ́nu àwọn ọmọ wa níbí, wọ́n kàn yí i padà ni. Nígbà yẹn, wọ́n ní orí Yorùbá ò gba ìwé òyìnbó. Ní báyìí, ọmọ tí wọ́n bí sí Southwark ń sọ pé orí òun, orí òyìnbó, ò gba ìwé Yorùbá. Nínú méjèèjì, ibi tí wọ́n ti bíni ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó wo ohun tí wọ́n gbé lé orí náà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọpọlọ ní ibì kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ sí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, bí ìgbà tí ìyá alátẹ kan bá kó owó sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn kéré. Alan Baddeley àti Graham Hitch, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1974 lọ́nà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ní yunifásítì dòní. Ní 2001, Nelson Cowan ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ó ní nǹkan bíi mẹ́rin ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin o. Tiyín, tèmi, ti ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí ló wá fà á tí ẹnìkan fi ń ka odindi ìwé Yorùbá láàárọ̀, tí ẹlòmíì ò lè ka ìlà mẹ́ta? Ohun tí a kà sí "nǹkan kan" ló yàtọ̀. Ẹ gbé gbólóhùn yìí: "Ó ti lọ sọ́jà láti àárọ̀." Fún ẹni tó dàgbà ní Òṣogbo, ẹyọ kan ni, bóyá méjì. Ó ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, ó wọlé lódindi bí ìdì ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti so pọ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ èdè, ewé kọ̀ọ̀kan dá wà. "Ó", ta ni, ọkùnrin àbí obìnrin? Yorùbá ò sọ. "Ti", ṣé èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti ṣẹlẹ̀ ni, àbí "ti" bíi "ti bàbá mi"? "Sọ́jà", áà, "sí" àti "ọjà" ló ti wọ inú ara wọn, kì í ṣe ológun. Àtẹ́lẹwọ́ ti kún, "láti àárọ̀" ò tíì dé. Bí ó bá wá dé, ti iwájú á jábọ́. Ohun tí ẹ ń pè ní "kò wọlé" nìyẹn. Ó wọlé o. Èyí tó tẹ̀ lé e ló tì í jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ àwọn òǹkọ̀wé kan sùn níbí. Ẹnìkan á kọ "Baba ra oko tuntun" ráńpẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àmì kankan. Ṣé oko tó ń dáko sí ni, ọkọ́ tó fi ń dáko, àbí ọkọ̀ tó ń gbé e lọ? Ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù náà wà ńbẹ̀. (Ọkọ nìkan la mọ̀ pé kì í tà lọ́jà.) Ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa á yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu láìmọ̀ pé òun yan nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé gbogbo wọn dání títí yóò fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á sì ti kún lórí ọ̀rọ̀ kan péré. Àwọn kan máa ń sọ pé àmì ohùn ń dí wọn lọ́wọ́ lórí kíbọọ̀dù. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń kọ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ láìfi àmì sí i, iṣẹ́ tirẹ̀ ló gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, kó má tún bínú pé wọn ò ka ìwé òun tán.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò mọ̀ náà tún wà. Ní 2000, ìwádìí kan tí Marcella Hu àti Paul Nation ṣe jáde, lórí iye ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nínú ìtàn kan kó tó lè kà á dá, kó sì yé e. Iye tó jáde sún mọ́ ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe Yorùbá, torí náà ẹ má gbé nọ́ńbà yẹn bí òfin. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ: nínú 50 ọ̀rọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó ṣàjèjì sí yín. Bí mẹ́wàá bá ṣàjèjì, ẹ ò kàwé mọ́, ilẹ̀ lẹ ń gbẹ́. Kò burú kéèyàn gbẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ la máa ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ lẹ ń gbẹ́, kí ẹ má retí pé kó dùn bí ìtàn.

Ibí yìí ni ìtìjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Àgbàlagbà tó ní dìgírí méjì kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ìwé ọmọdé. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tó jáde ní 1938, tí àwọn tó ṣe ìdánwò Yorùbá nílé gan-an ń ka gbólóhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Ó ka ojú ìwé méjì, ó dé e, ó ní orí òun ò gbà á. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra ìwé àlọ́ tó ní àwòrán. Ẹ kà á nínú bọ́ọ̀sì 12 láìbo èèpo ẹ̀yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò yín.

Ní ti fíìmù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ní 2009, Holger Mitterer àti James McQueen kó àwọn ará Nẹ́dálándì jọ, àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n sì fi fíìmù hàn wọ́n tí ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ ṣàjèjì sí wọn, ti Scotland àti ti Ọsirélíà. Àwọn kan rí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní Dutch, àwọn kan ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n tún àwọn gbólóhùn tí wọ́n bá gbọ́ sọ. Lórí gbólóhùn tí wọn ò gbọ́ rí, àwọn tó ka Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe dáadáa jù. Àwọn tó ka Dutch, èdè abínibí wọn, burú ju àwọn tí kò ka nǹkan kan lọ.

Ẹ wá wo fíìmù Yorùbá wa. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń wà nísàlẹ̀. Fún ọmọ Peckham, Gẹ̀ẹ́sì ni Dutch tirẹ̀ yẹn. Ojú ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn ń yé e, inú ń dùn, etí ti lọ sinmi. Kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ló gbà, bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin olóòtú fíìmù, bí ẹ bá lè fi Yorùbá alámì sísàlẹ̀, kẹ́ni tó bá fẹ́ yan Yorùbá, kẹ́ni tó bá fẹ́ yan Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin lẹ máa gba ọmọ tó pọ̀ jù padà sínú èdè yìí ju gbogbo kíláàsì ọjọ́ Sátidé lọ. Kí wọ́n tó gbọ́ wa, ẹ wo fíìmù náà tán pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí ìtàn yé yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú ìṣẹ́jú márùn-ún péré níbẹ̀, ẹ fi bébà bo ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ tún un wò. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹrù ti fúyẹ́, etí nìkan ló kù láti ṣiṣẹ́.

Mi ò ní ṣe bíi pé fóònù ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwádìí kan ní 2017 sọ pé kí fóònù kàn wà lórí tábìlì lásán ń dín agbára ọpọlọ kù. Àwọn mìíràn ti dán an wò, kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Èyí tí kò sí ìjà nípa ẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá kúrò lórí nǹkan kan bọ́ sórí òmíràn, ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ á dà nù, ẹ ó sì tún un kó. Fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ó burú jù, torí inú fóònù ni ìwé atúmọ̀ èdè wà. Ẹ fẹ́ wo ìtumọ̀ "ọ̀fọ̀", àǹtí ti fi fídíò àsè ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ò mọ̀, ẹ máa kà lọ. Ẹ wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá parí.

Bí ọkàn bá sì sá lọ, kò burú tó bẹ́ẹ̀. Jonathan Smallwood àti Jonathan Schooler kọ̀wé lórí èyí ní 2006: ọkàn gbogbo ènìyàn ń rìn, ojú á ṣì máa tẹ̀ lé ìlà, ẹni tó ń kàwé lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti lọ. Wọ́n ní ọmọdékùnrin kan wà tó ń rìn lórí pápá Peckham Rye yìí ní nǹkan bíi 1765, tó rí igi kan tó kún fún áńgẹ́lì. Ó délé, ó sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí bàbá rẹ̀ nà án pé ó ń purọ́. William Blake ni ọmọ náà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé orí ẹ̀ ò pé nígbẹ̀yìn. Ẹ kàn fa ọkàn yín padà sórí ìlà.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n kí Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke tó fi nọ́ńbà sí i ní 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ọ̀rọ̀ kan kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: àwọn tó gbìyànjú láti rántí mọ ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó tún un kà mọ ìdá 42. Ní ibi àlọ́ pípa, ṣé ìyá àgbà kì í ní kí ọmọ tó gbọ́ ti àná pa á lónìí? Ọmọ awo kì í ka Ifá jẹ́ẹ́, ó ń kì í padà fún ọ̀gá ni. Ẹ ka ìpínrọ̀ kan, ẹ pa ìwé dé, ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan pẹ̀lú ẹnu yín, Yorùbá tó bá já, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí ẹnìkan, igi pọ̀ ní Peckham Rye.

Gbogbo èyí, ti ẹni tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni kì í wọlé fún ni. Ó ku ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ẹni yẹn, Gẹ̀ẹ́sì náà ò wọlé fún un mọ́. Ó ń ka lẹ́tà láti káńsù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ń wo eré tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ó ń ṣe ṣíìfù alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ó dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, ó ṣí kọ̀ǹpútà láti ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń pè é láti ilé pé owó ilé ìwé àbúrò ti tó san. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ọdún 1958 nìyẹn, ó kàn wọ kóòtù òtútù ni. Ohun tí a sì ń sọ fún un ò yí padà: ọ̀lẹ ni, tàbí ọ̀tá ló ń bá a jà.

Kéèyàn má lè pọkàn pọ̀ wà lára àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àwọn dókítà máa ń béèrè. Àìsùn ń fà á, àníyàn ń fà á. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà á, èyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán máa fi hàn. Ó máa ń bá àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní in tí wọ́n ń pè é ní brain fog. Ẹ wo bí lẹ́tà kan péré ṣe ya orúkọ méjèèjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni, ADHD ni, kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò torí wọn ò dá wàhálà sílẹ̀ ní kíláàsì. Kò sí èyí tí "gbájú mọ́ ìwé ẹ" lè wò sàn nínú wọn.

Ẹ gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ẹ sì pe GP. Bí ó bá jẹ́ àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ni, àgbàlagbà tó bá wà ní England lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìgba ọ̀dọ̀ GP kọjá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Mo mọ̀ pé orúkọ Maudsley ń ba àwọn kan lára wa lẹ́rù, wọn ò fẹ́ kí wọ́n rí àwọn ní Denmark Hill. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Lámbò ti kọ́ ohun tó gbé lọ sí Aro, tí àwọn ará ilé wa fi rí ìtọ́jú.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ètò wa kọ̀ọ̀kan á máa ní àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ kẹ́ ẹ sì máa kà á lẹ́ẹ̀kan náà. A ò ní túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bú wa tó bá le jù, a ó dín in kù.